Ìkorò Lọ́tọ̀, Òórùn Lọ́tọ̀: Iṣẹ́ Họ́ọ̀pù nínú Bíà Olóòórùn Èso àti Ewé

1.0 Ìfáárà

Bí ènìyàn bá gbé ife bíà kan sí imú, tí ó sì gbọ́ òórùn ọsàn, máńgòrò tàbí ewé tútù nínú rẹ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé apọntí ti fún èso tàbí ewé sí ọtí náà. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú bíà bẹ́ẹ̀, kò sí èso kankan níbẹ̀. Òdòdó ìtàkùn kan tí ń jẹ́ họ́ọ̀pù ni òórùn náà ti wá. Họ́ọ̀pù yìí kan náà ni ó ń mú kí bíà korò. Nítorí pé ohun kan ṣoṣo ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa kà wọ́n sí iṣẹ́ kan.

Àṣìrò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní Nàìjíríà. Họ́ọ̀pù kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ yìí. Owó ilẹ̀ òkèèrè ni àwọn ilé-iṣẹ́ ìpọntí fi ń rà á wọlé. Nítorí náà ni àwọn olùwádìí ní àwọn yunifásítì wa ṣe ti ń dán ewúro, orógbó àti àwọn ewé kíkorò mìíràn wò láti ìgbà pípẹ́, bóyá wọ́n lè rọ́pò họ́ọ̀pù. Ìbéèrè tí ó sábà máa ń ṣáájú ni pé: ‘Ǹjẹ́ ewé yìí korò tó họ́ọ̀pù?’ Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì ìbéèrè ni.

Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn pé ìkorò àti òórùn jẹ́ iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Pé èròjà tí ń ṣe ọ̀kan kọ́ ni ó ń ṣe èkejì. Pé iná tí ń gbé ọ̀kan ró ni ó ń ba èkejì jẹ́. Àti pé, nítorí èyí, ẹni tí ó bá ń wá arọ́pò fún họ́ọ̀pù kò gbọdọ̀ fi ìdáhùn kan dáhùn ìbéèrè méjì.

2.0 Họ́ọ̀pù àti Ipò rẹ̀ nínú Bíà

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún họ́ọ̀pù ni Humulus lupulus. Ìdílé kan náà ni òun àti igbó tí àwọn ènìyàn ń mu ti wá. Ó ní akọ, ó sì ní abo. Abo nìkan ni apọntí ń wá, nítorí òun ni ó ń so òdòdó tí ewé wẹ́wẹ́ bò ní ìpele-ìpele. Bí wọ́n bá ṣí àwọn ewé wẹ́wẹ́ náà, ìyẹ̀fun rúsúrúsú kan tí ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ wà ní ìdí wọn. Lupulin ni wọ́n ń pe ìyẹ̀fun yìí. Inú rẹ̀ ni ìkorò àti òórùn jọ wà, bí ìbejì nínú ilé kan.

Ìtàkùn yìí ń fẹ́ òtútù líle tí yóò fi sinmi, ó sì ń fẹ́ ọ̀sán gígùn nígbà tí ó bá ń dàgbà kí ó tó tanná. Ìdí nìyí tí ó fi gbilẹ̀ ní Hallertau ní Jámánì, ní àyíká ìlú Žatec ní ilẹ̀ Czech, ní Kent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ní àfonífojì Yakima ní Amẹ́ríkà. Ní Ìbàdàn, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀sán tí ó gùn jù àti èyí tí ó kúrú jù láàárín ọdún kò tó wákàtí kan. Ìtàkùn tí ń wo gígùn ọ̀sán kí ó tó mọ ohun tí yóò ṣe kò lè rí àmì kankan kà níbẹ̀. Ní agbègbè George ní Gúúsù Áfíríkà, iná mànàmáná ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń fa ọ̀sán gùn fún họ́ọ̀pù, kí wọ́n tó bí irú tí ó lè fara da ọ̀sán kúkurú.

Họ́ọ̀pù kò bá bíà dáyé. Kí ó tó gbòde ní Yúróòpù, àdàlù ewé olóòórùn ni àwọn apọntí ibẹ̀ ń lò. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá ni Hildegard ti Bingen, obìnrin ẹlẹ́sìn kan ní Jámánì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìkorò họ́ọ̀pù a máa dá ìbàjẹ́ dúró nínú ohun mímu. Nígbà tí ó fi di 1516, òfin àwọn ọba Bavaria ti là á sílẹ̀ pé ọkà báálì, họ́ọ̀pù àti omi nìkan ni kí wọ́n máa fi pọn bíà. Ohun tí Hildegard sọ fìdí múlẹ̀: èròjà kíkorò inú họ́ọ̀pù ń dènà àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń mú ọtí kan. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti òtíkà tiwa kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yára kan, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ tètè di mímu.

3.0 Ìkorò: Iṣẹ́ tí Iná ń Gbé Ró

Kí wọ́n tó pọn bíà, wọn a rẹ ọkà sínú omi títí yóò fi hu, wọn a sì yan án gbẹ. Ọkà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní mọ́ọ̀tì; ọ̀nà tí àwọn apọntí òtíkà ń gbà lo ọkà bàbà kò jìnnà sí èyí. Wọn a lọ̀ ọ́, wọn a pò ó mọ́ omi gbígbóná, ṣúgà inú ọkà yóò sì jáde sínú omi náà. Omi dídùn yìí ni wọ́n ń sè pẹ̀lú họ́ọ̀pù.

Nínú lupulin, ẹgbẹ́ èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní áfà ásíìdì. Humulone ni olórí wọn. Bí wọ́n bá da họ́ọ̀pù sínú omi tútù, ìwọ̀nba díẹ̀ ni áfà ásíìdì yóò yọ́ sínú rẹ̀. Iná ni ó ń tún un tò. Bí omi náà bá ti ń hó, humulone a máa yí ìtò ara rẹ̀ padà, yóò di èròjà mìíràn tí ó korò gan-an, tí ó sì ń yọ́ sínú omi. Iṣẹ́ yìí ń gba àkókò. Ìdí nìyí tí họ́ọ̀pù ìkorò fi ń bá omi náà hó fún 60 sí 90 ìṣẹ́jú. Síbẹ̀, apá tí ó pọ̀ jù nínú áfà ásíìdì kì í yí padà, tàbí kí ó bá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lọ.

Ìṣirò kékeré kan lè là á yé. Kí ó jẹ́ pé apọntí fẹ́ pọn lítà 20, tí ó sì ní 30 gíráàmù họ́ọ̀pù tí áfà ásíìdì inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 6 nínú 100. Áfà ásíìdì tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ 1,800 mílígíráàmù. Bí ìdámẹ́rin èyí bá yí padà láàárín wákàtí kan, 450 mílígíráàmù ni yóò wọ inú ọtí, èyí tí ó jẹ́ 22.5 nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Ìkorò bíà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ń bọ́ sí àyíká ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni họ́ọ̀pù náà fi hó, tí ìdá 5 nínú 100 nìkan sì yí padà, ìkorò lítà kọ̀ọ̀kan kò ní ju mílígíráàmù 4.5 lọ. Họ́ọ̀pù kan náà ni, ìwọ̀n kan náà ni. Àkókò nìkan ni ó yàtọ̀.

4.0 Òórùn: Iṣẹ́ tí Iná ń Bà Jẹ́

Ohun tí ń ta sánsán nínú họ́ọ̀pù kì í ṣe áfà ásíìdì. Epo fífúyẹ́ ni, irú èyí tí ó wà nínú èèpo ọsàn. Kò pọ̀: nínú 100 gíráàmù họ́ọ̀pù gbígbẹ, ó sábà máa ń wà láàárín ìdajì mílílítà sí mílílítà mẹ́ta. Síbẹ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún èròjà ni ó kó ara wọn jọ sínú epo kékeré yìí, bí olúkúlùkù wọn bá sì ṣe pọ̀ tó ni ó ń pinnu òórùn tí imú yóò gbọ́.

Ní ti òórùn ewé àti ti igi, humulene àti caryophyllene ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí, pàápàá àwọn ohun tí humulene ń dà nígbà tí atẹ́gùn bá ti kàn án. Họ́ọ̀pù Saaz ti agbègbè Žatec àti àwọn họ́ọ̀pù àtayébáyé ti Hallertau ni ó lórúkọ jù nínú ọ̀wọ́ yìí. Òórùn wọn kò le. Ó dà bí ti ewé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já, pẹ̀lú ata díẹ̀díẹ̀. Myrcene ní òórùn ewé tútù àti oje igi. Linalool ní òórùn òdòdó, geraniol sì sún mọ́ òdòdó róòsì.

Ní ti òórùn èso, linalool àti geraniol ní ipa tiwọn, ṣùgbọ́n àwọn èròjà kan tún wà tí imí-ọjọ́ wà nínú wọn, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní thiol. Ìwọ̀n nánógíráàmù díẹ̀ nínú lítà kan ti tó fún imú láti mọ̀ wọ́n. Àwọn ni ó ń mú kí bíà kan rùn bí ọsàn gírépù, bí gúáfà, tàbí bí èso ilẹ̀ olóoru mìíràn. Irú wọn wà nínú wáìnì tí wọ́n fi èso Sauvignon Blanc ṣe; nítorí ìjọra yìí ni wọ́n ṣe sọ họ́ọ̀pù ilẹ̀ New Zealand kan tí ó jáde ní 2000 ní Nelson Sauvin.

Ó yẹ kí a kíyè sí ọ̀nà tí èdè ń gbà sọ ọ̀rọ̀ yìí. Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó dúró fún ìtọ́wò kọ̀ọ̀kan: korò, kan, dùn, ta. Ní ti òórùn, àfiwé ni èdè ń lò jù: ó ń rùn bí ọsàn, ó ń ta sánsán bí efínrín. Bákan náà ni àwọn apọntí ilẹ̀ òkèèrè ń ṣe. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá pe bíà kan ní olóòórùn máńgòrò, àfiwé ni wọ́n ṣe. Wọn kò sọ pé máńgòrò wà nínú rẹ̀.

Àléébù epo wọ̀nyí ni pé wọn kò lè bá iná gbé. Bí omi bá ti ń hó, wọn a máa bá oruku rẹ̀ lọ. Òórùn dídùn tí ó kún gbogbo ilé ìpọntí nígbà tí wọ́n bá ń se họ́ọ̀pù jẹ́ òórùn tí ẹni tí yóò mu ọtí náà kò ní rí gbà mọ́.

5.0 Àkókò ni Ọgbọ́n Apọntí

Ohun tí iná ń fún ìkorò ni ó ń gbà lọ́wọ́ òórùn. Apọntí tí ó bá fẹ́ méjèèjì kò ní ju pé kí ó pín họ́ọ̀pù rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta. Apá kìíní yóò wọ inú ìkòkò nígbà tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó; ìkorò ni iṣẹ́ rẹ̀. Apá kejì yóò wọlé nígbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí márùn-ún, tàbí lẹ́yìn tí iná bá ti kú tí ooru omi sì ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìkorò rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n apá kan òórùn rẹ̀ yóò ṣẹ́kù. Apá kẹta kì í dé ìdí iná rárá. Inú ọtí tútù, lẹ́yìn tí ìwúkàrà bá ti parí iṣẹ́ tàbí tí ó bá kù díẹ̀ kí ó parí, ni wọ́n ti ń rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Nínú bíà tí òórùn èso rẹ̀ pọ̀, gíráàmù 4 sí 8 fún lítà kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ohun ìyanu ní ìpele kẹta yìí.

Ẹni tí ó ń se ọbẹ̀ nílé mọ ìlànà yìí. Kò sí ẹni tí ń já efínrín sínú ọbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ó bá kù díẹ̀ kí wọ́n sọ ìkòkò kalẹ̀ ni efínrín ń wọlé, kí òórùn rẹ̀ má baà bá oruku lọ.

Rírẹ họ́ọ̀pù sínú ọtí tútù kì í ṣe àrà tuntun. Àwọn apọntí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi họ́ọ̀pù sínú àgbá ọtí láti ayé ọjọ́un. Ní 1893, àwọn onímọ̀ méjì níbẹ̀, Brown àti Morris, ṣàlàyé pé họ́ọ̀pù tí wọ́n rẹ bẹ́ẹ̀ a máa jí ìwúkàrà dìde padà, nítorí pé ó ní èròjà tí ń fọ́ ṣúgà ńlá sí wẹ́wẹ́. Ìmọ̀ yìí wúlò títí di òní, nítorí ìgò tí wọ́n bá tètè dé pa lè fọ́ bí ìwúkàrà bá tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú rẹ̀. Ewu mìíràn ni atẹ́gùn. Bí atẹ́gùn bá wọ inú ọtí lẹ́yìn tí họ́ọ̀pù ti wọlé, òórùn èso náà yóò tètè ṣá. Ewu kẹta ni ìmọ́lẹ̀: oòrùn a máa sọ èròjà kíkorò họ́ọ̀pù di thiol kan tí òórùn rẹ̀ kò dára. Ìdí nìyí tí ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ fi ń dáàbò bo bíà ju ìgò funfun lọ.

6.0 Ìrànlọ́wọ́ Ìwúkàrà

Ìwúkàrà kò dúró lórí sísọ ṣúgà di ọtí nìkan. Ó ń fọwọ́ kan òórùn pẹ̀lú. Ó lè sọ geraniol di citronellol, tí òórùn rẹ̀ sún mọ́ ti ọsàn wẹ́wẹ́. Ó sì lè tú díẹ̀ sílẹ̀ nínú àwọn thiol tí a dè mọ́ èròjà mìíràn nínú họ́ọ̀pù àti nínú mọ́ọ̀tì. Bí wọ́n ti wà nínú ìdè, imú kò lè mọ̀ wọ́n. Nítorí náà, họ́ọ̀pù kan náà, ìwọ̀n kan náà, lè fún ènìyàn ní òórùn méjì bí ìwúkàrà bá yàtọ̀. Ohun tí ń ti inú ife jáde kì í ṣe òórùn họ́ọ̀pù lásán. Òórùn họ́ọ̀pù tí ó ti gba ọwọ́ ìwúkàrà kọjá ni.

7.0 Arọ́pò tí ó Di Ọ̀gá: Ìtàn Cascade

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àwọn apọntí ka òórùn èso sí iyì. Ní 1934, Ernest Stanley Salmon ti Wye College ní Kent gbé họ́ọ̀pù Brewer's Gold jáde. Ìyá rẹ̀ jẹ́ họ́ọ̀pù inú igbó láti Manitoba ní Kánádà. Ìkorò rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n òórùn èso tí ó le nínú rẹ̀ kò bá ìmọ̀lára àwọn apọntí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mu, nítorí náà ìkorò nìkan ni wọ́n sábà máa ń lò ó fún. Wọ́n fi iná lé òórùn rẹ̀ lọ.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn. Ní 1956 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Corvallis ní ìpínlẹ̀ Oregon lórí irúgbìn kan tí Fuggle ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Serebrianka ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà wà nínú ìran rẹ̀. Ní 1972 ni wọ́n fi lé àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì sọ ọ́ ní Cascade. Ohun tí wọ́n ń retí láti ọwọ́ rẹ̀ ni kí ó rọ́pò họ́ọ̀pù olóòórùn tí wọ́n ń rà láti Jámánì, nítorí àrùn ti ń yọ họ́ọ̀pù Hallertau lẹ́nu. Ní ti èyí, Cascade kò ṣe déédéé ohun tí wọ́n rán an. Òórùn ewé jẹ́jẹ́ ti Hallertau kọ́ ni ó ní. Ọsàn gírépù àti òdòdó ni ó ń rùn.

Àwọn apọntí kékeré ni ó sọ àbùkù yìí di iyì. Ní 1975, ilé ìpọntí Anchor ní San Francisco pọn Liberty Ale, wọ́n sì rẹ Cascade sínú ọtí náà ní tútù. Ní 1980, Sierra Nevada ní ìlú Chico ní California pọn Pale Ale tiwọn pẹ̀lú Cascade. Anchor ti kógbá sílé ní 2023, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó bá wọn là kò tí ì parun: àwọn họ́ọ̀pù bíi Citra àti Mosaic, tí òórùn máńgòrò àti ti èso mìíràn pọ̀ nínú wọn, ojú ọ̀nà yẹn ni wọ́n gbà wá.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí ṣe kedere. Cascade kò níyì nítorí pé ó jọ ohun tí ó rọ́pò. Ó níyì nígbà tí wọ́n dẹ́kun wíwọ̀n ọ́n pẹ̀lú òṣùwọ̀n ẹlòmíràn.

8.0 Ewúro, Orógbó àti Ìdajì Ìbéèrè tí ó Kù

Ní 1949 ni ìgò bíà Star àkọ́kọ́ jáde ní Èkó láti ọwọ́ Nigerian Breweries. Ní 1988, ìjọba ológun fi òfin de kíkó mọ́ọ̀tì báálì wọlé, àwọn ilé-iṣẹ́ ìpọntí sì yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Bí òfin náà tilẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀, ọkà bàbà kò kúrò nínú bíà Nàìjíríà mọ́. Ọkà rí arọ́pò. Họ́ọ̀pù kò rí i. Láti òkèèrè ni ó ṣì ń wá.

Ewúro àti orógbó ni àwọn olùwádìí sábà máa ń gbé síwájú. Ní ti ìkorò, ọwọ́ wọn tó o. Àwọn méjèèjì sì ní agbára láti dènà àwọn kòkòrò àìfojúrí kan. Ṣùgbọ́n ìkorò wọn kì í ṣe ti áfà ásíìdì. Obìnrin tí ń fọ ewúro nínú omi tútù mọ̀ pé ìkorò rẹ̀ ń jáde láìsí iná. Èyí já sí pé kò sí ìdí pàtàkì kan tí ewúro fi gbọ́dọ̀ hó fún wákàtí kan bí họ́ọ̀pù. Ẹni tí ó bá kàn gbé ewúro sí ipò họ́ọ̀pù, ní àkókò kan náà àti ní ìwọ̀n kan náà, ti gba ìlànà tí wọ́n là sílẹ̀ fún ohun mìíràn. Ohun mìíràn tún ni ìfófòó: èròjà kíkorò họ́ọ̀pù ń ran ìfófòó bíà lọ́wọ́ láti pẹ́ lórí ife, ẹni tí ó bá yọ họ́ọ̀pù kúrò gbọ́dọ̀ wo èyí pẹ̀lú.

Ní ti òórùn, ewúro kò rọ́pò họ́ọ̀pù, kò sì yẹ kí wọ́n bi í léèrè. Ọ̀dọ̀ àwọn ewé mìíràn ni ìbéèrè yẹn yẹ kí ó lọ. Koríko ọba tí wọ́n ń pè ní ewé tíì ní epo tí citral, olóòórùn ọsàn wẹ́wẹ́, pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó ní geraniol. Myrcene tí ó wà nínú họ́ọ̀pù sì pọ̀ nínú irú rẹ̀ tí ń hù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Efínrín ní òórùn ewé tí ó lágbára. Epo fífúyẹ́ ni ti àwọn méjèèjì. Ìdí iná kọ́ ni àyè wọn, bí kò ṣe ìparí sísè tàbí inú ọtí tútù. Ìwọ̀n tí ó yẹ, àti bóyá ìwúkàrà yóò tún òórùn wọn ṣe tàbí yóò bà á jẹ́, jẹ́ ohun tí ìdánwò ní láti fi hàn fún ewé kọ̀ọ̀kan.

9.0 Ìgúnlẹ̀

Àlàyé òkè yìí ti fi hàn pé họ́ọ̀pù kó iṣẹ́ méjì pọ̀ sínú òdòdó kan. Áfà ásíìdì ni ó ni ìkorò, iná sì ni ó ń gbé e jáde. Epo fífúyẹ́ àti àwọn thiol ni ó ni òórùn èso àti ewé. Iná ń lé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn lọ, ìwúkàrà sì ń pa wọ́n dà. Gbogbo ọgbọ́n bíà olóòórùn èso kò ju mímọ ìgbà tí ó yẹ láti fi họ́ọ̀pù sí iná àti ìgbà tí ó yẹ láti pa á mọ́ kúrò níbẹ̀.

Ní ti arọ́pò, ìwádìí tí ó bá wọn ìkorò ewúro nìkan, tí ó sì kéde pé arọ́pò họ́ọ̀pù ti dé, ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Ewé kan lè korò, kí òmíràn ta sánsán, kí apọntí sì fún olúkúlùkù ní àkókò tirẹ̀. Bí ọtí tí ó bá ti ibẹ̀ jáde kò bá jọ ti Hallertau, kí wọ́n rántí pé Cascade náà kò jọ ọ́. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n wọ̀n ni bóyá ọtí náà dára ní irú tirẹ̀.